Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ ká gbé àjẹsára sókè

Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, ata ilẹ̀, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti orógbó kò kúrò lórí iná nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní àgbo náà ń gbé àjẹsára sókè, ìyẹn agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà (kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára), àti pé bí àjẹsára bá ṣe lágbára tó ni ara ṣe máa le tó. Ìgbàgbọ́ kejì yìí gan-an ló ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà títí dòní.

Ẹ wo oògùn tó kọ́kọ́ hàn gbangba pé ó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ kòrónà. Dexamethasone ni, sitẹ́rọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ lọ́jà, tí kò sì wọ́n. Oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni àwọn oníwádìí Yunifásítì Oxford kéde àbájáde ìwádìí RECOVERY. Nínú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí, nǹkan bí 41 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 28 nígbà tí wọn kò gba oògùn náà. Nínú àwọn tó gbà á, nǹkan bí 29 ni. Iṣẹ́ dexamethasone sì ni pé ó ń pẹ̀tù sí àjẹsára. Nígbà tí àìsàn náà bá le dé ibẹ̀, ìjà tí ara fúnra rẹ̀ ń jà ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn tí kò tíì nílò ọ́síjìn rárá kò rí àǹfààní kankan nínú oògùn kan náà.

Bí ẹ̀gún bá gún wa, ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro wá. Àjẹsára ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó lé ọ̀tá lọ tán, tó kọ̀ tí kò padà sí bárékè, ilé onílé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti lupus rí, àìsàn tí àjẹsára ti ń gbógun ti ara tó yẹ kó dáàbò bò, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikọ́ fée àti irú làkúrègbé kan tó máa ń wú oríkèé ara. Ẹni tó ní lupus, tí a wá ń fún ní ohun tó ń ru àjẹsára sókè, ṣé a ràn án lọ́wọ́? Wọ́n ti rí i pé ewéko alfalfa, nítorí èròjà L-canavanine inú rẹ̀, lè jẹ́ kí lupus tó ti rọlẹ̀ tún gbérí.

Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) ló yà mí lẹ́nu jù. Torí àtigbé àjẹsára sókè làwa ṣe ń mu ún, ṣùgbọ́n nínú abọ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣe ìwádìí, èròjà curcumin inú rẹ̀ ń dí NF-κB lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó tú àwọn kẹ́míkà tó ń fa wíwú jáde. Ó ń pẹ̀tù ni, kò ru ohunkóhun sókè. Abọ́ kì í sì í ṣe ikùn: bí a bá gbé e mì, díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á sì tètè yí ìyẹn náà padà. Piperine, tó wà nínú iyèré, lè mú kí ó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n nípa dídí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lè mú kí oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò pọ̀ jù lára.

Mi ò sọ pé ewé kò jẹ́. Èèpo igi willow ló ṣínà fún aspirin, tí Felix Hoffmann ṣe ní Jámánì lọ́dún 1897. Lọ́dún 1971 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Vane fi hàn pé ńṣe ni aspirin ń dá ìpèsè prostaglandin dúró, ìyẹn èròjà ara tó ń fa ìrora àti wíwú. A mọ èròjà rẹ̀, a mọ ìwọ̀n rẹ̀, a mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni “oògùn ìbílẹ̀” làkúrègbé tó máa ń mú ìrora lọ lọ́jọ́ kan. Lọ́dún 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn bá diclofenac, tó jẹ́ oògùn ìrora, àti dexamethasone nínú Artri King, ọ̀kan lára irú oògùn oríkèé bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí lára ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má ṣe dá a dúró lójijì, torí sitẹ́rọ́ọ̀dù tó pẹ́ lára máa ń mú kí ara dẹ́kun ṣíṣe tirẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lè já wálẹ̀. Kó gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà.