Pípa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ nínú kóòdù kò sọ ọ́ di òkú

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń so sọ́fíwia ilé-iṣẹ́ mọ́ Stripe (tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) àti irú rẹ̀ gbà gbọ́ ni pé bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí (ọ̀rọ̀ tí sọ́fíwia fi ń wọlé sí àkáǹtì Stripe) bá ṣèèṣì wọnú kóòdù, kí wọ́n sáà pa ìlà náà rẹ́, kí wọ́n gbé e sínú .env (fáìlì tí a ń kó àṣírí sí), ó tán. Kò tán o.

Git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, kì í gbàgbé. Torí kó lè máa rántí ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìlà tí ẹ pa rẹ́ lónìí ṣì jókòó sínú commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) àná. Ẹ wò ó fúnra yín:

git log --all -p -S 'sk_live_'

Gbogbo ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà ti wọlé àti ibi tó ti jáde ni yóò tò síwájú yín, lẹ́tà kan ò ní dín. (sk_live_ ló ń gbowó gidi, sk_test_ wà fún ìdánwò, pk_ ni èyí tí ojú oníbàárà lè rí láìséwu.)

.gitignore (àkójọ fáìlì tí a ní kí Git má gbé) náà ò gbà yín. Bí Git bá ti mọ .env kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á ṣì máa gbé e lọ ni. git rm --cached .env ló ń dá ìyẹn dúró, àmọ́ kò kan ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ lè fi git filter-repo tún àtẹ̀yìnwá kọ. Ẹ̀dà tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ tó ti lọ ńkọ́?

Ohun tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fagi lé e lọ́dọ̀ ẹni tó fún yín. Bó bá ti bọ́ sí gbangba, ẹ fagi lé e lójú ẹsẹ̀, kódà bí owó gbígbà bá máa dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá ní sk_live_ yín lè ka orúkọ àti ímeèlì àwọn oníbàárà, ó sì lè fi àkáǹtì yín dán káàdì tí wọ́n jí wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ ni, ẹ ṣe tuntun ná, ẹ fi sí sáfà, ẹ tún un tàn, ẹ san owó kékeré kan kí ẹ sì dá a padà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa ti àtijọ́.

Ibi tó sábà máa ń dojú rú nìyí: kọ́kọ́rọ́ kan náà ló wà lórí ìkànnì, lórí iṣẹ́ tó ń dá owó padà fúnra rẹ̀ lóru, àti nínú sọ́fíwia ìṣirò owó. Wọ́n á pààrọ̀ ti ìkànnì, owó á ń wọlé, gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé ó dára. Títí di òru, tí owó dídá padà á máa gba àṣìṣe 401 (Stripe kò gba kọ́kọ́rọ́ náà mọ́). Ẹ fún ibì kọ̀ọ̀kan ní rk_live_ (kọ́kọ́rọ́ tí àṣẹ rẹ̀ ní ààlà) tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tó kàn án nìkan. Kíkà nìkan ti tó fún sọ́fíwia ìṣirò.

Ẹ má gbàgbé whsec_, àṣírí tí sáfà yín fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Stripe ni ìròyìn ti wá. Pípààrọ̀ sk_live_ ò kàn án rárá. Bó bá wà nínú .env kan náà tó jò, ẹni tó bá rí i lè fọwọ́ sí ìròyìn èké pé «owó ti wọlé», sáfà yín á gbà á gbọ́, ẹ̀yin á sì kó ọjà ránṣẹ́.