Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ò lè lo òṣùwọ̀n kan náà

Níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé iye omi kan ṣoṣo ni kí òfin dá sí nínú odò, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà, látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, mi ò bá yín lọ síbẹ̀ rárá. Odò wo ló ń ṣàn bákan náà lẹ́ẹ̀rùn àti lójò? Tennant, onímọ̀ nípa ẹja tó gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ nípa iye omi tó yẹ kó kù nínú odò jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976 pàápàá, pín ọdún sí méjì, ó sì ní ìdá 10 nínú 100 ìpíndọ́gba ìṣàn ọdún kàn lè gbé ẹ̀mí ẹja ró fúngbà díẹ̀ ni. Ẹja mìíràn kì í yé àfi tí omi bá ń kún. Ẹ gba ìkún yẹn lọ́wọ́ odò, ẹrẹ̀ á bo ibi tí wọ́n ń yé sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé àgbẹ̀ ni ìyà máa jẹ, mo gbọ́ yín o, àmọ́ ìgbà tómi pọ̀ ló yẹ kí wọ́n fà á pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n máa gba ìdá kan nínú ohun tó ń ṣàn lójúmọ́, kí ààlà kan sì wà tómi bá fà dé, kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́ (ìdá nìkan ò tó, torí ìdá nínú bíńtín, bíńtín náà ni). Mo ti bá àwọn tó ń ka òpó tí wọ́n fi ń wọn gíga omi odò ṣiṣẹ́ rí: ẹnikẹ́ni ò fa omi lójú odò, síbẹ̀ ó ń lọ sílẹ̀, torí àwọn kànga oníẹ̀rọ tó wà nítòsí ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ tí ì bá sun wọnú rẹ̀. Òfin tí ò bá ka kànga mọ́ ọn, ta ló fẹ́ mú?