Ẹ yé ta oko obì

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí, àmọ́ màá sọ ọ́. Àwọn tó ń pariwo pé kò síṣẹ́ nílé náà ló ń fi oko obì bàbá wọn gé pulọ́ọ̀tì tà. Láti ìgbà tí iléèwé àwọn Adventist ní Ìlíṣàn ti di Yunifásítì Babcock ní 1999, títí tó fi kan pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìpẹru, ilẹ̀ ti di wúrà, ẹ̀rọ agégi sì ti wọ ìdí obì.

Obì àbàtà, tiwa ni, òun la fi ń ṣe ìgbéyàwó àti orò ilé. Gbànja aláwẹ́ méjì ni tọjà, òun làwọn Haúsá Sábó Ṣàgámù ń kó lọ sókè Ọya. Iye ọmọ tí gbànja rán níléèwé ní Rẹ́mọ kò ṣeé kà.

Ṣùgbọ́n orí igi kọ́ lowó pọ̀ sí. Ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ obì. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí èèpo funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ ewé sí. Kò tíì tán o. Wọ́n á tún máa tú u wò, kí wọ́n ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò. Ìyá kan wà ládùúgbò wa, ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, èékánná ni wọ́n fi ń wá a kàn. Obì tí wọ́n bá tọ́jú báyìí á lo oṣù púpọ̀. Ìgbà tí ọjà bá wọ́n ni wọ́n á gbé e jáde. Ẹni tó tà á ní tútù nídìí igi, torí owó iléèwé ń lé e, èrè ẹlòmíì ló gbé sílẹ̀ yẹn.

Mi ò bá opó tó ta pulọ́ọ̀tì kan san owó ọsibítù wí. Ta ni mo jẹ́? Géńdé tó ta oko, tó fi ra mọ́tò, tí mọ́tò dẹnu kọlẹ̀, tó tún ń wá èyí tó kù tà, òun ni mò ń bá wí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Wọ́n ní igi ti gbó, kò so dáadáa mọ́. Ṣé torí ẹ̀ la ó ṣe ta ilẹ̀ ni? Ẹ tún òmíràn gbìn sáàárín rẹ̀, kí ẹbí sì dáwó jọ ra obì lásìkò tó bá pọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ bá ti di igbó, kó tó pe èjẹ́ǹtì, kó kọ́kọ́ pè mí.