Wákàtí 40 ò sọ ẹnikẹ́ni di adjuster

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n ní Houston níbí, fóònù mi kì í sinmi. Ẹni tó bá pè ò ní béèrè bóyá òrùlé mi ṣì wà lórí ilé. Ohun tó máa bá wọlé ni: "Ẹ̀gbọ́n, láísẹ́ǹsì adjuster yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á? Wọ́n ní wákàtí 40 péré ni. Wọ́n ní bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi oṣù mẹ́ta kó owó ilé jọ." Wọ́n ní, wọ́n ní. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń wá bọ̀ọ̀dá yẹn kiri, mi ò tíì rí i.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí: adjuster lẹni tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń rán wá wo ohun tó bàjẹ́ nílé tàbí lára mọ́tò, kó yẹ ìwé àdéhùn wò, kó ṣírò owó tó yẹ kí wọ́n san, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gan-an, wọ́n ń gba owó oṣù. Àwa tí wọ́n ń pè ní independent ò ní ọ̀gá kan pàtó. Iléeṣẹ́ alágbàṣe kan ló ń pín claim, ìyẹn ìbéèrè owó tí onílé fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, fún wa lẹ́yìn ìjì, iye tá a bá parí ni wọ́n ń san. Ẹ̀ka kẹta ni public adjuster, tí onílé fúnra rẹ̀ gbà láti bá a lé owó rẹ̀. Láísẹ́ǹsì tiẹ̀ yàtọ̀, òfin Texas ò sì jẹ́ kó gbà ju 10 nínú 100 owó tí wọ́n bá san lọ.

Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tá a wà ní Texas, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Florida náà, kò gùn: gba láísẹ́ǹsì, dúró de ìjì, máa kówó. Ìdajì rẹ̀ jóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti já. Láísẹ́ǹsì ọ̀hún ò le lóòótọ́. Ní Texas, Texas Department of Insurance, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì, ló ń fúnni. Kó o ti pé ọmọ ọdún 18, kó o gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40 tí wọ́n fọwọ́ sí, kó o yege ìdánwò ìparí rẹ̀ (tó o bá ti yege ìyẹn, o ò tún ní ṣe ìdánwò ìjọba), kó o lọ tẹ̀ka, kó o san 50 dọ́là. Ọdún 2 ló máa lò, ẹ̀kọ́ wákàtí 24 lo sì máa fi tún un gbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti ń kà á, pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu.

Wọ́n á tún ní, "Tó o bá ti ní ti Texas, o ti ní gbogbo Amẹ́ríkà." Rárá o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ti Texas wọlé láìsí ìdánwò míì, àmọ́ wàá kọ̀wé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá sì sanwó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. New York ní ìdánwò tirẹ̀ lo máa ṣe. California ní kó o ti fi ọdún 2 ṣe iṣẹ́ náà kó o tó wá bá òun. Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: Colorado, Ohio àti Illinois ò tiẹ̀ béèrè láísẹ́ǹsì kankan lọ́wọ́ independent adjuster. Colorado kẹ̀! Níbi tí yìnyín kì í ti í fi òrùlé lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa, láìsí bébà kankan lára ògiri. Tó bá jẹ́ bébà ni iṣẹ́ náà, kí wá ni àwọn ará Colorado ń ṣe?

Mo mọ ibi tí ìtàn bọ̀ọ̀dá olówó yẹn ti wá. Lọ́dún 2005 tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́, àti ní oṣù kẹjọ 2017 tí ìjì Harvey rọ̀jò lé Houston lórí, claim pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Wọ́n ń gba ẹni tí kò mọ orí àkàbà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Láwọn ọdún yòókù, orúkọ rẹ á kàn wà nínú ìwé wọn láàárín ọ̀pọ̀ orúkọ míì ni, àwọn tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n á sì kọ́kọ́ pè. Àwọn tó ń polówó "láísẹ́ǹsì àti iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" kì í sọ ìyẹn.

Èmi náà gbà á gbọ́. Lẹ́yìn oṣù 7 tí láísẹ́ǹsì mi ti ń sùn nínú àpamọ́wọ́, iléeṣẹ́ kan pè mí: yìnyín ti bọ́ lágbègbè Fort Worth, kí n máa bọ̀. Mo ra àkàbà, mo ra bàtà tí kì í yọ̀ lórí òrùlé, mo fi wákàtí 4 wakọ̀ lóru.

Òrùlé àkọ́kọ́ nìyí. Aago 10 àárọ̀, shingle, àwọn awẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé níbí, ti gbóná bí agbada gààrí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kó o fa igun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, sójú ẹ̀gbẹ́ òrùlé kọ̀ọ̀kan, kó o fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tí yìnyín bá gbá ká, kó o kà á, kó o ya fọ́tò. Mo yí i ká. Mo ka 14. Inú mi dùn, mo kọ̀wé pé kí wọ́n pààrọ̀ òrùlé látòkè délẹ̀. Alábòójútó mi, ọkùnrin ará Oklahoma kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pè mí lálẹ́. Ó ní, "Ṣé o fọwọ́ kàn án?" Mo ní fọ́tò wà níbẹ̀. Ó ní òun ò béèrè fọ́tò.

A padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó mú ọwọ́ mi lé ojú shingle. Ibi tí yìnyín bá gbá máa ń dẹ̀ lábẹ́ ìka, bí ara máńgòrò tó já bọ́ látorí igi: ojú rẹ̀ lè máà fi bẹ́ẹ̀ hàn, inú ti fọ́. Ti èmi le koránkorán, ihò kékeré tí etí rẹ̀ mú ni. Oòrùn ló mú kó wú bí ìléròrò ara, tí orí rẹ̀ sì bẹ́. Ó wá tọ́ka sí fẹ́ńtì, irin pẹlẹbẹ tí ooru ń gbà jáde lórí òrùlé. Irin yẹn ò lágbára. Yìnyín tó bá lè fọ́ shingle á ti tẹ̀ ẹ́ wọnú ṣáájú. Fẹ́ńtì ọ̀hún ń dán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Nínú 14 mi, ẹyọ kan ò kù.

Ìyẹn ojú òrùlé o. Ó tún ku Xactimate, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ń ṣírò owó àtúnṣe. Nínú claim 11 tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, 9 ni wọ́n dá padà. Mo fi owó shingle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣírò èyí tó nípọn. Mo gbàgbé irin etí òrùlé. Mo gbàgbé pé ilé alájà méjì tí òrùlé rẹ̀ dagun ní àfikún owó iṣẹ́. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ alẹ́ mi, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀, torí claim tó bá parí nìkan ni wọ́n ń san. Iléeṣẹ́ yẹn ń mú 40 nínú 100, èmi ń mú 60. Kò sẹ́ni tó bá mi yọ owó orí sílẹ̀: 15.3 nínú 100 ti Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àgbàlagbà), èmi nìkan ló gbé e, kí ìjọba tó yíjú sí owó orí gan-an. Nígbà tí mo yọ epo, òtẹ́ẹ̀lì àti àkàbà kúrò nínú owó ọ̀sẹ̀ 3, ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ 1,140 dọ́là. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba àwọn claim tó kù lọ́wọ́ mi.

Mo bínú nígbà yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí. Òfin Texas fún iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ọjọ́ 15 láti fèsì pé claim ti dé, ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti sọ bóyá wọ́n á san án lẹ́yìn tí gbogbo ìwé bá ti pé, àti ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti sanwó lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà. Tí adjuster bá ń tún ìṣirò kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ọjọ́ wá kọjá, owó èlé lè balẹ̀ sórí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Omi tún wá le ju òrùlé lọ. Lẹ́yìn ìjì Beryl, oṣù keje 2024, wọ́n rán mi lọ sílé màmá kan ní Alief, ní Houston níbí, ọmọ Ìjẹ̀bú. Bí màmá ṣe gbọ́ "ẹ kú ewu o, mà" lẹ́nu mi, wọ́n ti fa àga fún mi: ọmọ wa ló dé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àjà yàrá wọn ti rin, àpá omi ṣe rogodo níbẹ̀ bíi máàpù. Atẹ́gùn ló ṣí shingle lókè, òjò wá gba ibẹ̀ wọlé. Ìwé wọn bo ìyẹn. Ní pálọ̀, kápẹ́ẹ̀tì rin gbingbin, ìlà omi sì wà lára ògiri yíká, ó gún bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi títì ló gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Omíyalé nìyẹn, ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sì í san owó omíyalé.

"Omi lomi, ọmọ mi," màmá wí. "Ọjọ́ kan náà ni. Ìjì kan náà ni."

Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ra ìnṣọ́ránsì omíyalé, èyí tó pọ̀ jù lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, tí kì í san ju 250,000 dọ́là lórí ilé ìdílé kan àti 100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀. Ó sì sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó múlẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá sáré rà á nígbà tí ìjì ti lórúkọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá ò ní in. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ní in, láísẹ́ǹsì Texas mi nìkan ò tó láti fọwọ́ kàn án: FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, ní nọ́ńbà tirẹ̀ tó ń fún adjuster omíyalé, ó sì ń béèrè ọdún 4 tó tẹ̀ léra lẹ́nu iṣẹ́ claim ilé. Ẹ sì rántí pé omi ló ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Houston nígbà Harvey, atẹ́gùn kọ́.

Mo ṣàlàyé fún màmá ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àwọn tí kì í bi ẹ́ bóyá o ti jẹun ni àwọn tí sọ́wédowó àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ wọn. Ká ní òrùlé tuntun jẹ́ 18,000 dọ́là. Èyí tó bàjẹ́ ti lo ọdún 10 nínú 25 tí wọ́n fojú bù fún un, wọ́n á yọ 40 nínú 100 fún ogbó: 7,200. Ó ku 10,800. Ilé ọ̀hún, 300,000 ni wọ́n dá ìnṣọ́ránsì lé e, ìwé sì sọ pé tí atẹ́gùn tàbí yìnyín bá jà, onílé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé 2 nínú 100. 6,000 nìyẹn. Sọ́wédowó àkọ́kọ́ á jẹ́ 4,800. Tí irú ìnṣọ́ránsì tó rà bá fàyè gbà á, 7,200 yẹn ń bọ̀ nígbà tó bá parí iṣẹ́ tó sì fi ìwé rẹ̀ hàn. Onílé tó ń retí 18,000 á ní olè ni ẹ́. Ẹni tó ń kan òrùlé á tún wá sọ sí i létí pé òun á bá a gbé 6,000 yẹn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2019 ni òfin Texas ti sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí 40 kọ́ mi ní ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí omi ṣì ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Nígbà tí àbúrò mi kan wá pè ní oṣù kẹta, mi ò sọ pé kó má gbà á. Kó gbà á, 50 dọ́là ni. Mo ní kó má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó má san owó gọbọi fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ fún un, kó wá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó ń gba ọmọ tuntun sówó oṣù, kó jókòó sí ọ́fíìsì kó máa ṣe claim páìpù tó bẹ́ fún ọdún kan. Tàbí kó lọ bá àwọn tó ń kan òrùlé. Ó ní òun ò wá sí Amẹ́ríkà wá gun òrùlé. Mo ní, iṣẹ́ wo lo wá rò pé adjuster ń ṣe?

Ó bínú, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, kò pè. Sátidé tó kọjá, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi láti Katy: shingle, ṣọ́ọ̀kì funfun yí àmì dúdú kan ká, ìka ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé yìnyín ni àbí oòrùn?"

Mo wò ó títí, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mi ò lè sọ. Mo ní kó lọ wo fẹ́ńtì.