Ẹ fetí sí ariwo àárọ̀ kùtù yẹn

Nínú ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá sítáàtì SLK 200 mi, sípọ́ọ̀tì káà Bẹ́ńsì kan, láàárọ̀ kùtù, á dún gàràgàrà bíi pé wọ́n da ìṣó sínú agolo, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á sì dákẹ́. Bó bá ti gbóná, kò sí nǹkan kan mọ́. Mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, bí Bẹ́ńsì ṣe ń dún nìyẹn." Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀nà Iléṣà, nítòsí Òṣú, ni iná ẹ́ńjìnnì ti tàn sí mi lójú. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0016 ló gbé jáde: kránkì, ọ̀pá tí pístìn ń yí, àti kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ò bára wọn mu mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì, eyín jíà kámù ti jẹ, ó mú ṣóńṣó bí eyín ayùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ṣéènì táímìn, ṣéènì tó so kránkì mọ́ kámù, tó ohun à á bẹ̀rù nínú sípọ́ọ̀tì káà. Bí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Honda S2000 àkọ́kọ́ ń sá dé nǹkan bí 9,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé kámù rẹ̀ ń yí nígbà 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ṣéènì bá fo eyín níbi eré bẹ́ẹ̀, pístìn á lọ kọ lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ ṣáà sọ Porsche 996 tàbí Boxster àtijọ́, wọ́n á ní "háà, IMS!" IMS ni ọ̀pá tó ń yí ṣéènì; òótọ́ ni pé bíárìn tó gbé e dúró ti ba ẹ́ńjìnnì àwọn kan jẹ́. Àmọ́ Turbo àti GT3 inú 996 kan náà kò ní irú bíárìn yẹn, ẹ́ńjìnnì tuntun tó jáde fún 2009 kò sì ní ọ̀pá náà rárá. S2000 tí mo dárúkọ, ohun tó máa ń dún níbẹ̀ jù ni tẹ́ńṣọ́nà, ẹ̀yà kékeré tó ń fún ṣéènì, tí wọ́n lè pààrọ̀ láìtú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní Ifẹ̀ níbí ni ọ́ìlì. Ṣéènì kì í fà bíi rọ́bà. Ìṣó kéékèèké tó so ó pọ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi gùn. Ọ́ìlì ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ jíjẹ, agbára ọ́ìlì náà ló sì ń ti tẹ́ńṣọ́nà kó lè fún ṣéènì. A wá ra tòkunbọ̀ tí a ò mọ ẹni tó lò ó rí, a rọ ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù sí i, ọ́ìlì tó ki tí kò tètè gòkè láàárọ̀, a sì fi ọdún kan gbáko wà á láìpààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ bá ń lo bẹ́líìtì dípò ṣéènì, kó ka ọdún, kó má ka kìlómítà nìkan. Bẹ́líìtì ń gbó lórí ìdúró. Ti Ferrari F355, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, ìnáwó yẹn ló ń mú kí àwọn kan máa sún un síwájú.

Àbúrò kan tó fẹ́ ra SLK bíi tèmi ló bi mí ní Lágéré lánàá bóyá kó sá fún un. Mo ní kó má tíì sá. Ọ̀la, aago méje àárọ̀, la jọ ń lọ wò ó ní Mayfair. Mo ti bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jọ̀ọ́, kó má sítáàtì rẹ̀ kí a tó dé.