Àtúnṣe: Iná mànàmáná lè wọn fítámínì C inú omi kajú

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ pé irin àti iyọ̀ nìkan ni a lè fi iná mànàmáná wọ̀n, pé kò wúlò fún fítámínì C inú omi kajú wa, ṣì yín lọ́nà. Ẹyọ fítámínì C kọ̀ọ̀kan máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tín-ín-tín tí ń gbé iná) méjì sílẹ̀ fún ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tí a fi iná sí, tí a sì rì bọ inú omi náà; bí fítámínì náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni iná tí ń ṣàn yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ìyá wa fi ń wọn ṣúgà ara wọn: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára) tó wà lórí pélébé tí a kán ẹ̀jẹ̀ sí a gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára ṣúgà, iná tín-ín-rín tí ó jáde a sì di nọ́ńbà. Ṣé irin ni ṣúgà ni? Àmọ́ o, èròjà tí ń mú kajú fún wa lọ́fun náà máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó gba iye náà gbọ́.