Fáìlì tó ní ~$ lórí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì: ẹ má fọ́ọ̀mátì fíláàṣì yín

Ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó di fíláàṣì mọ́wọ́ bí ẹni di owó ẹlòmíì mọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ki fíláàṣì náà bọ fóònù, tó wá bá fáìlì méjì níbi tó yẹ kó ti bá ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni “Eto Isinku Mama.docx”. Ìkejì ni “~$o Isinku Mama.docx”. Ọmọ ní, “Màmá, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ orí orúkọ fáìlì yín o! Ẹ ní kí wọ́n bá yín fọ́ọ̀mátì ẹ̀.”

Iṣẹ́ tí ìyá ní kí n ṣe nìyẹn: kí n nu gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì kúrò. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún, oríkì ìdílé, orúkọ gbogbo àna, ìsìnkú sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní, “Màmá, ẹ jókòó ná.”

Láti Ọjà Ọba dé Ọláìyá, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyẹn, àwa onítáìpù la sì tàn án ká. Èmi náà ti fọ́ọ̀mátì fíláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ kan rí nítorí ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ṣé ẹ rántí ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo? Ẹni tó bá wọlé á gbé aṣọ ìnura kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Bí Microsoft Word, ètò tí a fi ń tẹ̀wé, bá ṣí fáìlì, fáìlì ~$ yìí ni aṣọ ìnura tó ń gbé kọ́. Orúkọ ẹni tó ṣí i ló wà nínú ẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá gùn, ~$ á gba ipò lẹ́tà méjì àkọ́kọ́. Òun ló dà bíi pé nǹkan jẹ ẹ́ lórí. Tí ẹ bá pa fáìlì dé dáadáa, Word fúnra rẹ̀ á ká aṣọ náà.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tàbí tí ẹ bá fa fíláàṣì yọ nígbà tí fáìlì ṣì wà ní ṣíṣí, aṣọ á kù sẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kejì, Word lè ní “locked for editing”, ìyẹn ni pé wọ́n ti tì í, ẹ ò lè tún un ṣe, kó sì dárúkọ ẹni tó ń lò ó. Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ tiyín ni!

Fáìlì yìí máa ń fara pamọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì kan wà lóòótọ́ tó máa ń fi fọ́dà inú fíláàṣì pamọ́, tó sì ń fi shortcut, àmì ọ̀nà àbùjá lásán, rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó bá wa jà, a tan Hidden items, ohun tó ń fi fáìlì tó fara pamọ́ hàn, kí a lè rí fọ́dà wa, a ò sì pa á mọ́. Láti ìgbà náà la ti ń rí ~$. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í tilẹ̀ fi í pamọ́ rárá.

Ohun tí mo ṣe fún ìyá kò le. Tí ẹlòmíì bá ń lo fáìlì náà lóòótọ́ lórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ fi í sílẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni, ẹ pa Word dé, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ wò ó níbẹ̀ bóyá Word ṣì ń mí lábẹ́lẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ Word, kí ẹ sì tẹ End task. Lẹ́yìn náà ẹ dílíìtì ~$ nìkan.

Àwọn míì sì gbà pé inú fáìlì ~$ yìí ni iṣẹ́ àwọn sá sí, wọ́n á máa yí orúkọ ẹ̀ padà. Fáìlì ọ̀hún sábà máa ń jẹ́ 162 bytes. Ojú ewé kan ò lè wọ ibẹ̀. Tí iná bá gbé iṣẹ́ yín lọ, fáìlì tó parí sí .asd, ẹ̀dà tí Word fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ gba File, Info, Manage Document, Recover Unsaved Documents. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni Word ń tọ́jú ẹ̀dà yìí, àfi tí ẹ bá yí i. Mo ti yí tèmi sí ìṣẹ́jú méjì, nítorí iná ìlú yìí.

Ètò ìsìnkú ìyá ṣí. Ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló kọ orúkọ àbúrò mi báyìí?”